Lẹ́tà Tí Mo Gbé Lọ sí Brẹ́mẹ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Aràmọkọ lẹ ní kí n jókòó kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá ń yan iṣẹ́. Mo mọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe kó àgbẹ̀ mọ́kànlá láti apá ibí yìí wọ ọkọ̀ òkun, tí mo mú wọn lọ wo ibi tí àwọn òyìnbó Jámánì ti ń lọ̀ kòkó. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń kí mi nígboro títí di òní. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Jámánì. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá sì yára kọjá, nítorí ojú máa ń tì mí. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti orí bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò ní ohun tó ń lé e.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ní orúkọ kan pàtó ní èdè wa. Mo máa ń ṣètò ìrìnàjò fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òkun. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gúnlẹ̀ sí ìlú kan fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn èrò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wo ìlú kí wọ́n tó padà sínú ọkọ̀, èmi ni màá ti to ọjọ́ yẹn sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Èkó rárá: ibi tí wọn yóò lọ, ohun tí yóò gbé wọn lọ, ibi tí wọn yóò ti jẹun, ìgbà tí wọn yóò padà. Àwa tí a ń ṣe é ń pè é ní ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀.

Èkó ni mo ti kọ́ ọ, ní ọ́fíìsì àwọn aṣojú ọkọ̀ òkun kan ní etí ọ̀sà. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ ẹnìkan, ẹni náà mọ ọ̀gá, wọ́n bá gbà mí. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Dáfídì là ń pè é, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi ń dún bó bá jókòó. Kì í pariwo. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, ńṣe ni yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò máa nù ún, yóò máa wò ọ́. Ó sàn kó gbá ọ létí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún mi, ó ní kí n to ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀ kan fún àlejò méjìlá, kí n mú ìlú tí mo mọ̀ dáadáa. Mo mú Ẹ̀fọ̀n, torí pé ìlú ìyá mi ni. Mo kọ ọ́ lọ rẹrẹ. Mo ní wọn yóò gun òkè, wọn yóò wo gbogbo ìlú látòkè, wọn yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí ọjà, wọn yóò jẹun. Ọ̀gá kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Àgbàlagbà wà nínú àwọn àlejò rẹ?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Níbo ni wọ́n ti máa tọ̀?”

Mo wo ìwé mi, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.

“Òkè tí o ní kí wọ́n gùn, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹni ọgọ́ta ọdún máa jókòó sinmi kó tó dókè?”

Ó fa ìwé náà ya sí méjì, ó ní kí n wọ lọ́rì lọ sí Ẹ̀fọ̀n, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín. Mo lọ. Mo bẹ àǹtí ìyá mi kan tó ti dàgbà pé kó bá mi gun òkè. Mo mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì dání, mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bó bá jókòó, màá fa ìlà kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yíjú sí mi.

“Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ẹ́ pa mí ni? Kí lò ń kọ?”

Mo ní, “Ìjókòó yín ni mò ń kà, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti àpáta. Ó ní, “Uṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ l'Ékòó nù un? Kí o máa ka ìjókòó arúgbó?” Ó sọ ọ́ káàkiri Ẹ̀fọ̀n, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọdún kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún to ọjọ́ fún ènìyàn láìkọ́kọ́ ronú nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, àpò ìtọ̀ rẹ̀ àti ebi rẹ̀.

Òfin kejì tí Ọ̀gá kọ́ mi jẹ́ ti lẹ́tà. Lẹ́tà kan dé lọ́jọ́ kan fún obìnrin kan tó fẹ́ wọkọ̀, pé ẹni tó máa gbà á lálejò lókè òkun ti kó kúrò nílé tó wà. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, mo ní màá fi jíṣẹ́ lọ́la. Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ́fíìsì wa dé Èbúté Mẹ́ta nínú oòrùn ọ̀sán, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà. Nígbà tí mo padà, bàtà mi ti ń fi omi òógùn dún. Ó ní, “Lẹ́tà tó bá dé, ọjọ́ tó dé náà ni ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bó dùn, bó korò, kì í ṣe tìẹ. Ìwọ kọ́ ni kó o pinnu ohun tó yẹ kó gbọ́.” Mo ní, “Ó yé mi, sà.” Mo rò pé ó yé mi lóòótọ́.

Mo lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira, ó gbàdúrà fún mi, ó fún mi ní tàpúráítà àlòkù kan, mo bá padà wálé. Mo gba yàrá kan ní Aràmọkọ, nítòsí pósọ́fíìsì, mo kọ orúkọ mi sára pátákó. Àwọn tíṣà tó ń lọ kàwé ní London ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Àwọn tí kò lọ síbi kankan pàápàá ń wá, torí mo máa ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà, mo sì ń bá wọn ka èyí tó bá dé. Láti Ìjerò, láti Ayétòrò, láti Erìò ni wọ́n ti ń wá. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má ṣe rò pé orúkọ kékeré nìyẹn láyé ìgbà náà. Orí mi wú díẹ̀. Kí n má parọ́, ó wú púpọ̀.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó apá ibí wá bá mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti ń gbin kòkó láti kékeré, àwọn kò mọ ohun tí òyìnbó ń fi í ṣe, àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Ọkọ̀ ẹrù kan wà tó máa ń kó kòkó lọ sí Brẹ́mẹ̀n, ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì ní àyè fún èrò méjìlá. Àwọn mọ́kànlá, èmi ṣìkejìlá. Ọkọ̀ náà yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọn yóò fún wa ní ìwé àṣẹ ọjọ́ kan láti sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó di Liverpool, ó di ilé. Ọjọ́ kan péré. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná, gbogbo wọn dìde lọ, àfi ẹnì kan. Bàbá Ògúnlé ará Erìò ni. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, díákónì ni nínú ìjọ wọn, oko kòkó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìkọ́gòsì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, láìwọ bàtà, bí ìṣe rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu eékún rẹ̀.

Ó ní, “Akọ̀wé, ùlú tí ọkọ̀ yìí ń lọ, ibẹ̀ ni Káyọ̀dé wà.”

Mo mọ Káyọ̀dé. Gbogbo Erìò mọ̀ ọ́n. Òun ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi kòkó rán lọ sí London láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó yege lákọ̀ọ́kọ́, ó fìdí rẹmi lẹ́yìn náà, ó sì dákẹ́. Ọdún mẹ́rin kọjá kí lẹ́tà kúkúrú kan tó dé láti Brẹ́mẹ̀n, pé òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, pé kí wọ́n má bínú. Láti ìgbà náà, kò tún sí nǹkan kan.

Mo ní, “Bàbá, ẹ fẹ́ kí n bá a wí fún yín?”

Ó mi orí. “Rárá o. N kò bínú sí i. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ẹ́ rí. Bí mo bá rí i fún wákàtí kan péré, ó tó mi. Mo ti ń darúgbó, Akọ̀wé. N kò lè tún rìn lọ síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí.”

Mo ní, “Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, Bàbá.” Ó fi í lé mi lọ́wọ́.

Mo ṣiṣẹ́ lórí ọjọ́ náà bí mi ò ṣe ṣe rí. Mo kọ̀wé sí ìjọba ìlú náà, wọ́n fi àwòrán ìlú ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi òwú wọn ọ̀nà. Mo mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà ní ìlú tí mi ò tíì dé rí. Ní òwúrọ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ kòkó. Lọ́sàn-án, oúnjẹ. Láti aago méjì dé aago márùn-ún, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé amọ̀nà lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ọjà, èmi àti Bàbá Ògúnlé yóò dúró lábẹ́ aago téṣàn reluwé, Káyọ̀dé yóò wá bá wa níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí Káyọ̀dé sí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpòòwé àtijọ́, mo sọ ọjọ́ àti wákàtí fún un.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká wọkọ̀ nígbà tí èsì rẹ̀ dé. Mo mọ̀ ọ́n lórí títí di òní. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn, mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo ṣubú lórí yìnyín lóṣù tó kọjá, egungun itan mi dá, wọ́n fi símẹ́ńtì dì í láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Òkè kẹta ni mò ń gbé, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Bàbá wá sílé. Kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ yín máa dúró sí.”

Ó yẹ kí n wọ lọ́rì lọ sí Erìò lọ́jọ́ náà gan-an. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi. Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ púpọ̀ fún àwọn òbí, ti àwọn ọmọ tó fi ẹsẹ̀ dídùn tàbí ibà ṣàwáwí, tí òótọ́ wá jẹ́ pé wọn kò ka ìwé tí wọ́n lọ kà. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ojú ló ń tì í. Èyí tó tún dùn mí jù, mo ní irú ọmọ wo ló ń ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀? Kí díákónì ẹni àádọ́rin ọdún máa gun àtẹ̀gùn òkè mẹ́ta lọ kí ọmọ tó bí, lójú àwọn òyìnbó, kí àwọn mẹ́wàá yòókù gbé e délé pé Bàbá Ògúnlé ló lọ kí Káyọ̀dé? Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ló ń wá kí bàbá. Mo rò pé iyì bàbá náà ni mò ń dáàbò bò. Bí mo bá ka lẹ́tà náà fún un, mo mọ̀ pé yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kà á fún un.

Mo jókòó sídìí tàpúráítà, mo dá èsì padà. Mo fi orúkọ Bàbá kọ ọ́, òun tí kò mọ̀ pé lẹ́tà kankan wà. Mo ní: “Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé abẹ́ aago téṣàn ni òun yóò dúró sí. Ọmọ ló ń wá kí bàbá. Bó bá di kí o fi ìdí fà wá, fà wá.” Mo tún un kà, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní lẹ́tà àgbà nìyí. Mo fi ránṣẹ́, mo sì ki tirẹ̀ bọ inú àpò kóòtù tuntun tí mo rán fún ìrìnàjò náà.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òkun dá yín dúró. Àwọn àgbẹ̀ náà bì fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà wọ́n ń kọ orin ìjọ lórí ọkọ̀, àwọn atukọ̀ ń gbè é. Ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀ náà lọ déédéé bí mo ṣe tò ó. Àwọn ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé wọn la kòkó dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Wọ́n fún wọn ní ṣokoléètì. Ẹnì kan láti Ìjerò tọ́ ọ wò, ó ní, “Nǹkan tí à ń gbìn nù un?” Ó fi èyí tó kù pamọ́ sínú fìlà fún ìyàwó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣì fi ń kí mi nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọjọ́ náà parí sí, ǹ bá máa jẹ́ orúkọ Bàbá Jámánì tayọ̀tayọ̀.

Ní aago méjì, èmi àti Bàbá Ògúnlé dúró lábẹ́ aago téṣàn. Mo wá ìjókòó fún un. Ó gbé ẹrù kékeré kan lé ẹsẹ̀, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ àti èlùbọ́ ni, fún Káyọ̀dé. Nígbà náà, ènìyàn dúdú kò wọ́pọ̀ ní Brẹ́mẹ̀n. Ẹni mẹ́ta péré la rí láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni Bàbá dìde dúró, tó sì tún jókòó. Òtútù ń mú. Mo ní kí ó jẹ́ ká wọlé sínú téṣàn, ó ní rárá, pé Káyọ̀dé lè wá kó má rí òun.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ó bi mí léèrè. “Akọ̀wé, ṣé ibi tó ń gbé jìnnà?”

Lẹ́tà wà láyà mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ bí mo bá mí. Ọkọ̀ kò ní ti ilẹ̀kùn títí di aago mẹ́fà. Àkókò ṣì wà.

Mo ní, “Ó jìnnà, Bàbá.”

Mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe sọ ọ́. Bí mo bá ní kò jìnnà, yóò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, màá sì ní láti mú lẹ́tà náà jáde. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin tó ń bá mi tẹ ìtàn yìí fi fóònù rẹ̀ wá àdírẹ́sì náà, ó sì ní kó wọn ọ̀nà láti èbúté àtijọ́ débẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ arúgbó, ẹ fi ìjókòó méjì kún un.

A padà sínú ọkọ̀. Bàbá gbé ẹrù rẹ̀ dání. Kò tú u títí a fi dé Liverpool.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a délé, ó wọ lọ́rì wá bá mi ní Aràmọkọ. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí Káyọ̀dé. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí n kọ: pé àwọn délé láyọ̀, pé kòkó ṣe dáadáa lọ́dún náà, ẹ̀kẹta jẹ́ ìbéèrè, pé kí ló dé tí kò wá. Mo kọ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró. Mo mọ ohun tí Káyọ̀dé yóò fi fèsì. Yóò ní, ‘Ṣebí mo sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi dá, ẹ ní kí n fà wá.’ Èmi náà ni yóò sì kà á fún bàbá yìí lójúkojú. Mi ò kọ ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí, mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èsì Káyọ̀dé dé. Ìlà méjì ni: òun gbọ́ pé wọ́n délé, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kà á fún Bàbá.

Ó ní, “Kò dáhùn èyí tí mo bi í.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Kò tún ní kí n kọ lẹ́tà kankan mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ó máa ń gbé mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, nítorí oore tí mo ṣe fún un. Mo jẹ ẹ́. Ìyàwó mi á gún un níyán, màá jẹ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ mi yí padà lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ òfuurufú dé, ó lé ọkọ̀ òkun kúrò nídìí èrò. Mo fi ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀, mo ń bá àwọn ìjọ ṣètò ìrìnàjò sí Jerúsálẹ́mù. Tàpúráítà Ọ̀gá fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó ń lo iná, èyí tó ń lo iná fi àyè sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Wáyà tí à ń san owó rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di tẹlifóònù. Òwú tí mo fi ń wọn ọ̀nà kò wúlò mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dára, ó ń jẹ́ kí ènìyàn ronú nípa ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tuntun kankan kò gba lẹ́tà náà kúrò láyà mi. Ọ̀gá Dáfídì kú láìgbọ́ ọ. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ohun tó kọ́ mi, mo sọ ti òkè Ẹ̀fọ̀n, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ti lẹ́tà.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Brẹ́mẹ̀n ni Bàbá Ògúnlé kú. Káyọ̀dé wálé sin ín. Mo lọ kí i ní Erìò lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ̀sán. Òun nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dìde láti kí mi, mo sì rí i pé ó ń tiro. Ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn ka ìwé.”

Mo bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi bi í.

Ó ní, “Mo fà wá, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ní kí n fà wá. Mo fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láti òkè kẹta. Òkè kejì ni símẹ́ńtì náà ti fọ́, tí ẹsẹ̀ tún dá. Àwọn ará ilé ló gbé mi padà. Wọ́n tò ó, kò tò dáadáa mọ́.” Ó fi ọwọ́ pa itan náà. “Mi ò bínú sí Bàbá. Mo ba orúkọ wọn jẹ́ ní London. Mo kàn rò pé, nígbà tí wọ́n délé, wọ́n á béèrè ìdí tí mi ò fi dé. Wọn ò béèrè. Mo bá mọ̀ pé wọ́n ti bá mi parí rẹ̀.”

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: lẹ́tà tí mi ò kà, èyí tí mo fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ, ilé tí kò jìnnà tí mo ní ó jìnnà, ìbéèrè tí mi ò kọ. Mi ò wò ó lójú. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Káyọ̀dé fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, “Ìbéèrè náà, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni Bàbá wí gan-an? Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i.”

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo ní Bàbá wí pé, “Bi Káyọ̀dé wò fún mi, bóyá torí mi lojú ṣe tì í láàrin àwọn òyìnbó tí kò fi wá. Wí fún un pé mo wọ bàtà. Láti ulé ni mo ti wọ̀ ọ́ dé ùlú wọn. N kò bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.”

Káyọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò bú mi, kò lé mi jáde. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó ní kí n tún un wí.